Nígbà tó ku abo kan ṣoṣo tí ẹyin rẹ̀ ń pa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹran ni mò ń tà ní Ìsẹ́yìn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, igún máa ń bo orí páànù odò ẹran wa débi pé igi la fi ń lé wọn. Nísinsìnyí, ọdún lè yí po kí n má fojú kan ẹyọ kan. Ọmọ ọmọ mi wá ka ìtàn kan fún mi lórí fóònù rẹ̀, pé ọkùnrin òyìnbó kan ní New Zealand gba odidi ìran ẹyẹ kan là nígbà tó ku abo kan ṣoṣo, pé ńṣe ló ń kó ẹyin rẹ̀ fún ẹyẹ mìíràn sàba. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹ má sì bínú o, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀ yẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá mi. Òótọ́ ni ọmọ yín kà fún yín. Don Merton ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọdún 1939 ni wọ́n bí i ní New Zealand, oṣù kẹrin ọdún 2011 ló sì papò dà. Iṣẹ́ ẹranko igbó ni èmi náà fi ń jẹun, mo sì ti sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, títí di òní, tí mo bá ti dé ibi tí ẹyẹ ọ̀hún ku márùn-ún péré lórí ilẹ̀ ayé, mo máa ń dánu dúró díẹ̀ kí n tó lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí ẹ ti mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹ ti rí i rí kí wọ́n fún adìyẹ ní ẹyin ẹtù sàba. Ìyá ìyá mi mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Bó bá rí ẹyin ẹtù nínú oko, kì í fi ọwọ́ lásán kó o, ìgbákọ ló fi ń bù ú, nítorí wọ́n gbà pé ẹtù máa ń kọ ìtẹ́ tó bá ti gbóòórùn ọwọ́ ènìyàn. Yóò wá wá àgbébọ̀ kan tó ti ń sàba, yóò kó ẹyin adìyẹ náà kúrò pátápátá, yóò sì kó ti ẹtù sí i. Kì í da méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ fi ń pa, ti ẹtù á tó ọjọ́ 26 sí 28. Bí èèyàn bá dà wọ́n pọ̀, bí àwọn òròmọdìyẹ bá ti yọjú, ìyá wọn á dìde, á kó wọn lọ jẹ̀, ẹyin ẹtù á sì tutù síbẹ̀. Alẹ́ ló máa ń ṣe é. Mo ṣì ń rí ọwọ́ rẹ̀ lójú mi, bó ṣe ń ti ẹyin kéékèèké tí èèpo wọn le bí òkúta yẹn sábẹ́ àyà adìyẹ lẹ́yọ lẹ́yọ, tó ń dá ọwọ́ dúró bí adìyẹ bá ti dún “kuu”, tí yóò sì dúró kó tún balẹ̀ kó tó ti òmíràn sí i.

Iṣẹ́ tí Merton ṣe kò jìnnà sí èyí rárá. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tirẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ rí i. Ìyá àgbà náà ní ẹyẹ canary kan nínú àgò. Merton, tó ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà náà, mú ọmọ ẹyẹ goldfinch tí kò ní ìyá wá fún canary yìí, ó sì tọ́ ọ bí ẹni tọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọmọdékùnrin náà fi èyí sí ikùn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó rí ibi tí yóò ti lò ó.

Àmọ́ kó tó dé ibẹ̀, ohun kan ti kọ́kọ́ dùn ún wọ egungun. Ẹ mọ̀ pé kí ènìyàn tó tẹ̀ dó sí New Zealand, kò sí ẹranko kankan tó ń fún ọmọ lọ́mú lórí ilẹ̀ ibẹ̀ àfi àdán. Kò sí eku, kò sí ológbò, kò sí ajá. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ kò mọ ọ̀tá tí í fi ìmú wá oúnjẹ rìn lóru. Òmíràn gbàgbé bí a ti ń fò. Òmíràn ń yé ẹyin sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbalaja. Ìgbà tí ọkọ̀ òkun wá gbé eku dé, tí àwọn tó wá tẹ̀ dó sì kó ológbò wọn dání, ńṣe ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ yìí dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Erékùṣù kéékèèké tí eku kò tíì dé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí sá sí.

Ọ̀kan nínú irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ ni Big South Cape, tí àwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, ń pè ní Taukihepa, ní ìsàlẹ̀ gúúsù pátápátá. Lọ́dọọdún ni àwọn Māori máa ń lọ síbẹ̀ lọ ṣọdẹ ọmọ ẹyẹ òkun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1964, eku ti gba gbogbo erékùṣù náà. Inú ọkọ̀ ló ti ní láti bọ́ sílẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Àwọn ọdẹ figbe ta. Merton, ọmọ ọdún 25, àti Brian Bell tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní àjọ ẹranko igbó ìjọba, fẹ́ lọ kó àwọn ẹyẹ ibẹ̀ kúrò kíákíá. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní rárá. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé eku lè ṣe irú ìparun bẹ́ẹ̀, pé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ máa wò ó.

Oṣù mélòó kan kọjá lórí wíwò yẹn. Oṣù kẹjọ ni iṣẹ́ ìdóòlà tó wáyé. Wọ́n rí saddleback 36 kó, ìyẹn ẹyẹ dúdú kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí erékùṣù tí kò ní eku. Wọ́n rí ẹyẹ wren inú igbó mẹ́fà kó, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò rọ́wọ́ mú, wọ́n kú tán nígbà tó yá. Wọ́n rí ẹyẹ snipe méjì mú, méjèèjì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àdán ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ ráyè gbìyànjú rẹ̀. Ìran mẹ́ta parẹ́ lójú wọn báyìí. Gbogbo saddleback gúúsù New Zealand tó sì wà láyé lónìí, inú àwọn 36 wọ̀nyẹn ni wọ́n ti wá. Tí wọ́n bá dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́?

Mo ń tẹnu mọ́ ọn, ìyá mi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín wà. Ohun tí Merton fi yàtọ̀ kọjá pé ó fẹ́ràn ẹyẹ. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn ẹyẹ. Láti ọdún 1964 ló ti mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀, kò sì tún gbà kí ẹnikẹ́ni fi “ẹ jẹ́ ká máa wò ó” dá a dúró mọ́.

Ó wá kan ẹyẹ tí ọmọ yín kà nípa rẹ̀. Black robin ni wọ́n ń pè é, ẹyẹ dúdú kirikiri tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ológoṣẹ́ lọ. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ní àwọn erékùṣù Chatham, tó jẹ́ bí 800 kìlómítà sí ìlà-oòrùn New Zealand, láàárín òkun. Ológbò, eku àti igbó tí wọ́n ń gé ti lé e kúrò ní gbogbo erékùṣù yòókù títí tó fi ku orí Little Mangere. Àpáta ni Little Mangere, etí rẹ̀ ga sókè gbọnrangandan láti inú òkun, igbó ṣókí kan sì wà lórí rẹ̀. Igbó ṣókí náà ti wá ń kú lọ. Lọ́dún 1976, méje péré ni ẹyẹ tó ṣẹ́kù. Méjì nínú wọn ni abo.

Merton àti àwọn èèyàn rẹ̀ gun àpáta náà, wọ́n fi àwọ̀n mú àwọn ẹyẹ ọ̀hún, wọ́n fi wọ́n sínú àpótí, wọ́n sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ sí Mangere, erékùṣù tó wà nítòsí. Kò sí ológbò ní Mangere mọ́, wọ́n sì gbin igi tí iye rẹ̀ tó 120,000 síbẹ̀ kí igbó lè padà sípò. Ẹ wo igi tí wọ́n gbìn nítorí ẹyẹ méje.

Síbẹ̀ náà, wọ́n ń kú. Lọ́dún 1980, ó ku márùn-ún. Nínú márùn-ún yìí, abo kan ṣoṣo ló ń yé ẹyin tó ń pa. Òrùka búlúù ni wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀, nítorí náà wọ́n ń pè é ní Old Blue. Akọ rẹ̀, òrùka yẹ́lò ni tirẹ̀, Old Yellow sì ni wọ́n ń pè é. Old Blue ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í sì í dàgbà tó ìdajì ìyẹn kí wọ́n tó kú. Tó bá jẹ́ ènìyàn ni, ìyá tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ti ń bímọ là bá máa pè é. Orí ìyá yìí ni gbogbo ìran náà wá kù sí.

Ìṣòro wọn ni pé ẹyin méjì péré ni black robin sábà máa ń yé lọ́dún. Àmọ́ bí ẹyin yẹn bá sọ nù, yóò tún ìtẹ́ mìíràn ṣe, yóò sì tún yé. Ibí yìí ni ìrántí canary ìyá àgbà ti jí. Merton mú ẹyin àkọ́kọ́ kúrò lábẹ́ Old Blue. Ẹ ro irú ọkàn tí èèyàn fi ń na ọwọ́ sínú ìtẹ́ yẹn. Ẹyin tó wà níbẹ̀ nìkan ni gbogbo ìrètí tí ẹyẹ náà ní láyé. Bó bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí inú bá bí ìyá tó sì kọ̀ láti tún yé, òun ni gbogbo ayé yóò tọ́ka sí pé ó pa á run. Ó na ọwọ́ náà. Old Blue tún ìtẹ́ mìíràn ṣe, ó sì tún yé ẹyin.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹyin náà sàba ni ẹyẹ kékeré kan tí ń jẹ́ warbler. Ó sàba dáadáa, ẹyin pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ dàgbà díẹ̀, oúnjẹ tí warbler ń gbé wá kò tó o mọ́. Ọmọ robin ń fẹ́ ẹran tó pọ̀ ju èyí tí alágbàtọ́ rẹ̀ lè wá lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá ẹyẹ mìíràn, tomtit, tí í ṣe ìbátan robin. Kò sí tomtit tó tó lò ní Mangere, erékùṣù mìíràn tí ń jẹ́ Rangatira ló pọ̀ sí. Bó ṣe di pé wọ́n ń gbé ẹyin tó kéré bẹ́ẹ̀ gba orí òkun lọ nìyẹn, nínú àpótí tí wọ́n ṣe kó máa móoru, lórí omi tó máa ń ru gùdù. Èmi tí mo mọ bí ìyá ìyá mi ṣe ń ṣọ́ ẹyin ẹtù láti oko délé, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó mí dáadáa nínú ọkọ̀ yẹn.

Tomtit tọ́ wọn, wọ́n sì là. Àmọ́ nǹkan mìíràn tún yọjú. Ọmọ tó bá dàgbà lọ́dọ̀ tomtit, tomtit ló rò pé òun í ṣe. Orin tomtit ló ń kọ, tomtit ló sì fẹ́ bá gbé, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ lẹ́yìn odi tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Wọ́n bá ní láti máa dá àwọn ọmọ padà sínú ìtẹ́ robin kí wọ́n tó fò, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ìran wọn ní àwọn ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Ọmọ mọ́kànlá ni Old Blue bí tó sì là. Òpin ọdún 1983 ni wọ́n rí i kẹ́yìn. Wọ́n kéde ikú rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin New Zealand bí ìgbà tí ìlú ń kéde ikú ẹni ńlá. Nígbà tó fi máa di ọdún 1989, ẹyẹ náà ti lé ní 100. Lónìí, wọ́n ń lọ sí 300, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe àtọmọdọ́mọ Old Blue àti Old Yellow.

Tí mo bá dúró síbí, ìtàn náà dùn, àmọ́ n kò ní tíì sọ gbogbo òótọ́ fún yín. Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìyá mi, kò sì sí ìdí tí màá fi bínú. Èmi rò pé ọwọ́ ti bọ̀ ọ́ tipẹ́. Ẹni tó gbé ológbò lọ sí Mangere ló kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ènìyàn bá ti da epo ẹlòmíràn nù, tó wá ń fi òwú gbọ́n ọn padà sínú ìgò, n kò lè pe ìyẹn ní ìtojúbọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbani náà lè ba nǹkan jẹ́ bí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò, ó sì ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún 1984, wọ́n rí abo kan tó yé ẹyin sí etí ìtẹ́ dípò inú rẹ̀. Ẹyin tó bá wà létí ìtẹ́ kì í pa, torí ìyá kì í sàba lé e. Ẹyẹ kò pọ̀, ẹyin kọ̀ọ̀kan jẹ́ wúrà, àwọn òṣìṣẹ́ bá ń fi ọwọ́ rọra tì í padà sínú ìtẹ́. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi á ṣe é. Àmọ́ yíyé ẹyin sétí ìtẹ́ yìí, àjogúnbá ni. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ ni, ẹyin náà kì bá tí pa, àbùkù náà ì bá sì parí sọ́dọ̀ ìyá tó ni í. Ọwọ́ àánú yẹn ló mú kí àwọn ọmọ tó jogún rẹ̀ là, tí àwọn náà dàgbà, tí wọ́n sì ń yé ẹyin sétí ìtẹ́. Nígbà tó di ọdún 1989, ó ti ju ìdajì gbogbo abo lọ tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń bá a lọ ni, ọjọ́ ń bọ̀ tí robin kankan kò ní lè pamọ láìsí ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ṣíwọ́. Wọ́n ní ẹyin tó bá bọ́ sétí, kó wà létí. Ẹ wo bí yóò ti nira tó fún ẹni tó gbé ẹyin ìran yìí kọjá lórí òkun láti máa wo ẹyin tó ń tutù lọ níwájú rẹ̀, kó má sì fọwọ́ kàn án. Nígbà tó fi máa di ọdún 2011, nínú 100 abo, bí mẹ́sàn-án péré ló tún ń yé sétí ìtẹ́. Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé rí. Nínú gbogbo ìtàn Merton, apá yìí ni mo kà sí jù. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í sábà jẹ́ kí ayé rí àṣìṣe ọwọ́ àánú wọn.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é. Rárá. Brian Bell wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, àwọn tó gbin igi, àwọn tó jókòó sínú òtútù láti àárọ̀ dalẹ́ tí wọ́n ń kọ iye ìgbà tí ẹyẹ gbé oúnjẹ wọ ìtẹ́ sílẹ̀. Owó ìjọba sì ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń dúró de ẹni tí yóò sọ pé “a ń mú un lónìí”, tí ẹ̀bi á sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí kò bá bọ́ sí i. Ìyẹn ni ẹnì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ṣe, kò ṣeé pín.

Ẹnì kan tiẹ̀ ti dá irú rẹ̀ ṣe ṣáájú Merton, tí kò sì bọ́ sí i. Richard Henry ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1894 ni wọ́n fi í ṣe olùṣọ́ erékùṣù Resolution ní New Zealand, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ kékeré kiri, ó ń kó kakapo láti orí ilẹ̀ lọ sí erékùṣù. Kakapo ni odídẹrẹ́ ńlá aláwọ̀ ewéko tí kò lè fò, tí í rìn lóru, akọ rẹ̀ á sì máa wọn kìlógíráàmù méjì sí mẹ́rin. Ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Lọ́dún 1900, stoat, ẹranko tín-ínrín kan tí ẹran ni oúnjẹ rẹ̀, lúwẹ̀ẹ́ dé erékùṣù náà, gbogbo làálàá rẹ̀ sì wọ omi.

Ọdún márùndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 1975, ẹgbẹ́ Merton rí àgbà akọ kakapo kan mú láàárín òkè Fiordland, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn New Zealand. Richard Henry ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo èyí tí wọ́n rí ní Fiordland, akọ ni, kò sí abo kan. Lọ́dún 1977 ni wọ́n tó rí àwọn mìíràn ní erékùṣù Stewart, níbi tí ológbò ti ń pa wọ́n jẹ, ọdún 1980 ni wọ́n sì tó rí abo. Merton kó wọn lọ sí erékùṣù tí kò sí ológbò, lẹ́yọ lẹ́yọ. Lọ́dún 1995, gbogbo kakapo tí wọ́n mọ̀ láyé jẹ́ 51. Lónìí wọ́n ti lé ní 200, olúkúlùkù ló sì ní orúkọ. Oṣù kejìlá ọdún 2010 ni kakapo tí wọ́n sọ ní Richard Henry yẹn kú. Merton tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin lẹ́yìn náà.

Ó wá ku ti igún yín. Mo mọ̀ pé òun gan-an ló gbé ìbéèrè yìí wá. Ojú yín kò tàn yín jẹ. Láti ọdún 2015 ni àwọn tó ń to ẹ̀dá tó wà nínú ewu lẹ́sẹẹsẹ káàkiri ayé ti fi igún odò ẹran wa yìí sí ipele tó le jù, ìyẹn ipele tó kángun sí ìparun nínú igbó. Májèlé ń pa wọ́n, wọ́n sì ń tà wọ́n fún ohun tí ẹ̀yin náà mọ̀. Àwọn bàbá wa tó sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, òfin ni wọ́n ṣe, ó sì ṣọ́ igún fún ọ̀pọ̀ ìran. Àwa la rú u. Ní Guinea-Bissau, láàárín ọdún 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 ni wọ́n fi májèlé pa.

Kò tíì ku márùn-ún. Ní Gambia, igún ṣì ń rìn láàárín ìlú bí adìyẹ. Àmọ́ ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì fi ń tọ́ ọmọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ jẹ́ ká máa wò ó. A ò ní iye tó péye ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin sì rèé, ọgbọ̀n ọdún lẹ ti fi jókòó síbi kan náà lábẹ́ páànù kan náà. N kò mọ ẹlẹ́rìí tó ju yín lọ.

Ẹ ní kí ọmọ ọmọ yín fún yín ní ìwé kíkọ kan. Kó kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ rántí: ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lórí páànù nígbà náà, ọdún tí ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé wọ́n dín kù, àti bóyá ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá jáde sọ́jà, ẹ kọ déètì àti iye igún tí ẹ rí. Bí ẹ bá rí èyí tó kú, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, májèlé lè wà lára rẹ̀. Kí ọmọ ya fọ́tò rẹ̀, kó sì kọ ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Tó bá di ìparí oṣù, kó fi í ránṣẹ́ sí Nigerian Conservation Foundation ní Èkó, iṣẹ́ wọn ni. Ọjọ́ tí ẹ kò bá sì rí ẹyọ kan, ẹ má ṣe fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ 0 síbẹ̀.